"Me" tàbí "myself" lẹ́yìn ọ̀rọ̀-atọ́kùn: ẹ bá wa dá sí i

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ (Agric, Ìkòròdú)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ SS2 ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé. Gbólóhùn mẹ́rin ni, wọ́n ní kí ó wá ọ̀rọ̀ dí àlàfo kọ̀ọ̀kan:

"He shut the gate behind ___."
"Simbi bought a wrapper for ___."
"This matter is between you and ___."
"The two traders were shouting at ___."

Ọmọ fi "himself, herself, myself, themselves" dí i ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ẹyọ kan péré ló gbà, ti Simbi. Olùkọ́ fagi lé mẹ́ta yòókù, kò sì kọ ìdí kankan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ìdí gan-an la fẹ́ mọ̀, torí bí a bá kàn fún ọmọ ní ìdáhùn, ọ̀la ni yóò tún ṣì í.

Olùkọ́ Gírámà (Ìkòròdú)

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Olùkọ́ yẹn tọ̀nà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí tó fi fagi lé mẹ́ta kò sì jọra. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa bi gbólóhùn ní ìbéèrè méjì, kó má sì yí wọn po.

Èkíní: ta ni olùwà ("subject"), ta sì ni ẹni tí ọ̀rọ̀-atọ́kùn ("preposition", bíi "behind, for, between, at") ń tọ́ka sí? Ṣé ẹnì kan náà ni? Bí kì í bá ṣe ẹnì kan náà, "self" kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀. Ẹ wo ìkẹta: olùwà ni "this matter". Ọ̀ràn ni, kì í ṣe èmi. Nítorí náà "between you and me" ni. Bí ọmọ bá kọ "between you and I", òun náà kò tọ̀nà, torí "I" kì í jókòó lẹ́yìn ọ̀rọ̀-atọ́kùn.

Èkejì, bí ó bá jẹ́ ẹnì kan náà: ṣé ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ọ̀rọ̀-àpèjúwe ló pe ọ̀rọ̀-atọ́kùn yẹn wá, àbí ibi tí nǹkan wà ló kàn ń fi hàn? "Look at, talk to, laugh at, believe in, rely on, take care of, proud of, ashamed of, angry with": nínú gbogbo ìwọ̀nyí, atọ́kùn ti di ara ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. "Self" di dandan. "Simbi is proud of herself" ni bí ó bá jẹ́ òun náà ni inú rẹ̀ dùn sí. Bí ẹ bá sọ pé "Simbi is proud of her", obìnrin mìíràn ni ẹ ń sọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n "behind" inú gbólóhùn géètì kò bá "shut" dòwò. Ibì kan ló kàn nàka sí. "He shut the gate behind him."

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lò jù lọ nìyí: etí wa tó gbọ́ Yorùbá ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú òfin yìí. Ẹ ní kí ọmọ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá. "Ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí." Ẹ gbọ́ "ara"? "She is looking at herself in the mirror." "Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀." "He is talking to himself." Ó wá ku "Ó gbé àpò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀". "She put the bag beside her." Ibi tí Yorùbá bá ti pe ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, iwájú, àyíká, òkè, tí kò sì pe "ara", ẹ fi "her, him, me, them" lásán sí i.

Ó yá, ó sì wúlò nínú ìdánwò. Nínú UTME, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ìbéèrè 180 ni ọmọ ń dáhùn láàárín wákàtí méjì, 60 nínú wọn sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Kò sí àyè láti máa ka òfin lórí.

Ará Àgbádárìgì

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti ọ̀rọ̀-atọ́kùn ibi, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń subú jù.

Àwọn tó yẹ kí etí ọmọ mọ̀ dunjú: "I have no money on me." "Take an umbrella with you." "He looked around him." "She placed the tray in front of her." "They saw the canoe ahead of them." Kò sí "self" nínú ìkankan. Ẹ fi Yorùbá dán wọn wò: kò sí owó lọ́wọ́ mi, mú agbòòrùn dání, ó wo àyíká rẹ̀, ó gbé àwo síwájú rẹ̀. "Ara" kò yọjú rárá.

Ẹ wá wo èyí o. Bí nǹkan bá bọ́ lé ara ènìyàn, ara ẹran-ara gan-an, "self" yóò padà wá: "He spilled hot tea on himself." "She poured cold water over herself." Yorùbá náà sọ ọ́: ó da tíì sí ara rẹ̀. Bí ẹ bá kọ "He spilled hot tea on him", ẹlòmíràn ló jó. "On" kan náà ni, àmọ́ "on me" ti owó àti "on himself" ti tíì yàtọ̀ síra, torí pé owó kàn wà lọ́wọ́ mi ni, tíì ni ẹni náà dà sí ara rẹ̀.

Ti aṣọ tí a fi bora máa ń gba méjèèjì: "She pulled the cloth around her", "She pulled the cloth around herself". Kí ẹnikẹ́ni má fagi lé ìkankan nínú wọn.

Kókó kan wà tí ó léwu. "Beside herself" kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí inú ń bí débi pé kò mọ ohun tí ó ń ṣe, tàbí tí ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀ ti gba orí rẹ̀, ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún: "She was beside herself with anger." Ọmọ tó bá kọ "Simbi sat down and put the basket beside herself" ti kọ ohun tí kò ní lọ́kàn. Bí ó bá ń bẹ̀rù pé wọn ò ní mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ Simbi fúnra rẹ̀ ni, kí ó kọ "by her side". Ọ̀rọ̀ parí.

Apẹja Ẹ̀pẹ́

Ìdánwò "ara" yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa "fúnra". Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbọ́ "fún" nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ "for".

"Mo tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ṣe fúnra mi." Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni "I repaired this engine myself." Kò sí atọ́kùn níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ "I repaired it for myself", ẹ ti sọ pé ẹ fẹ́ lò ó ni ẹ ṣe tún un ṣe, ẹ kò sọ pé ẹ kò pe mẹkáníìkì.

"Mo ra ẹ́ńjìnnì yìí fún ara mi." Èyí ni "I bought this engine for myself."

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ìró méjèèjì jọra, òun ló ń tan etí jẹ. Bí ẹ ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹ gbìyànjú láti gbé e lọ síwájú, kó sún mọ́ "èmi". "Èmi fúnra mi ni mo tún un ṣe" dùn létí, a jẹ́ pé "myself" lásán ni. "Èmi fún ara mi ni mo rà á" kò ṣeé gbọ́, a jẹ́ pé "for myself" ni.

Ọmọ Sábò

"By myself" ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé òun náà ni "fúnra mi"?

Apẹja Ẹ̀pẹ́

Nígbà mìíràn, àbúrò. "By myself" ní ojú méjì. "She lives by herself": òun nìkan ló ń gbé, kò sí ẹlòmíràn nílé. "She lifted the basket by herself": kò sí ẹni tó bá a gbé e. Èkejì yẹn ló sún mọ́ "fúnra". Ẹ lè fi "on her own" rọ́pò rẹ̀ ní ibi méjèèjì. Ohun tí kò sí ni "on herself" tàbí "by her own" ní ìtumọ̀ yẹn. "I live on myself" ni mo máa ń rí jù, ó sì burú, torí "live on" túmọ̀ sí ohun tí èèyàn ń jẹ tàbí owó tí ó fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ṣé ara ẹni ni a fẹ́ jẹ ni?

Olùkọ́ Gírámà (Ìkòròdú)

Mo gbà. Mo tún fẹ́ ká ṣọ́ra fún "ara" tó ti wọnú ọ̀rọ̀-ìṣe lọ. "Mo fara mọ́ ọn" ni "I agree with it". "Fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ" ni "Concentrate on what the teacher is saying". Kò sí ẹni tó ń sọ "concentrate yourself on". "Ara mi kò yá" ni "I am not well". "Ara" inú ìwọ̀nyí ti kú sínú ọ̀rọ̀ tó gbé e. Èyí tí a ń wá ni "ara" tó dá dúró, tí "mi, rẹ, rẹ̀, wa, yín, wọn" tẹ̀lé, tó sì jẹ́ àbọ̀ ("object").

Tíṣà Èbúté

Ẹ kú ìjókòó. Kò tíì sẹ́ni tó dáhùn ìkẹrin dáadáa, mo sì rò pé òun gan-an ló nípọn jù, torí níbẹ̀ ni Yorùbá kò ti lè gbà wá.

Yorùbá ní "ara wọn" kan ṣoṣo. "Àwọn obìnrin méjèèjì ń pariwo mọ́ ara wọn." A mọ̀ pé èkíní ń pariwo mọ́ èkejì, èkejì sì ń dá a padà, torí ọgbọ́n orí wa ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Gẹ̀ẹ́sì kò fi èyí sílẹ̀ fún ọgbọ́n orí. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì, ó sì fẹ́ kí o mú ọ̀kan.

Ẹ fojú inú wo ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀. Àwọn obìnrin méjì dúró ti àwo ẹja kan, wọ́n ń jà lórí iye rẹ̀. "The two women were shouting at themselves": olúkúlùkù wọn kọjú sí ara rẹ̀, ó ń pariwo mọ́ orí ara rẹ̀. Bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí ni. "The two women were shouting at each other": èyí ni ìjà tí a rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni "They were talking to themselves" àti "They were talking to each other", "They looked at themselves" tó ń fẹ́ dígí àti "They looked at each other" tó ń fẹ́ ènìyàn méjì tó kọjú síra.

Ohun tí a lè ṣe: kí ọmọ fi "ẹnì kìíní sí ẹnì kejì" rọ́pò "ara wọn". Bí gbólóhùn kò bá bàjẹ́, "each other" ni. "Wọ́n ń kí ara wọn": ẹnì kìíní ń kí ẹnì kejì, ó bá a mu, "They greeted each other". "Wọ́n ń fi ara wọn yangàn": bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń gbé ara rẹ̀ ga, "They are proud of themselves".

Atọ́kùn kò gbọdọ̀ sọnù o. "They were talking each other" kò dára. "To each other", "with each other", "from each other". Atọ́kùn sì máa ń ṣáájú méjèèjì ni. "Each to other" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì òní.

Ará Àgbádárìgì

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti "among" àti "between" kún un kí àwọn ọmọ má bàa sá fún "themselves" pátápátá. "They shared the fish among themselves" tọ̀nà gan-an. "They settled it between themselves" náà tọ̀nà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kò jẹ́ kí ará ìta dá sí i.

Tíṣà Èbúté

Òótọ́ ni, ẹ ṣeun. "Among each other" gan-an ni kò gún. Kí wọ́n kọ́ "among themselves" àti "between themselves" bí odindi.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ (Agric, Ìkòròdú)

Ó ti yé mi dáadáa báyìí. Ìbéèrè kan: bí mo bá ní "Ẹ tọ́jú ara yín" fún àgbàlagbà kan ṣoṣo, ọmọ kọ ọ́ sí "Take care of yourselves, Ma". Ṣé ó burú?

Olùkọ́ Gírámà (Ìkòròdú)

Ó burú, mà, ó sì wọ́pọ̀ níbí gan-an. Ẹni kan ni, "yourself" ni. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú "ẹ" àti "yín" kò wọ inú "yourselves". Gẹ̀ẹ́sì ń ka orí ni, kò ka ọjọ́ orí. "Ma" tó wà lẹ́yìn ti gbé ọ̀wọ̀ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "wọn" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. "Bàbá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀" jẹ́ "Baba is talking to himself". Mo ti rí "Baba is talking to themselves" nínú ìwé ìdánwò.

Ẹ kíyè sí i pé "Take care of yourself" kò ní olùwà tí a rí. Gbólóhùn àṣẹ ni, "you" ló fara pamọ́ síwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "Keep it to yourself" fi tọ̀nà, tí "Send the form to myself" kò sì tọ̀nà.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ ṣeun tí ẹ kan ibẹ̀, sà. "Myself" ti di ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ nínú lẹ́tà àti íméèlì. "Kindly contact the chairman or myself." "The meeting was called by the secretary and myself." Àwọn tó ń kọ ọ́ rò pé "me" ti kéré jù, pé kò ní ìtẹríba. Kò rí bẹ́ẹ̀. "Me" kò ní àbùkù kankan.

Ẹ yọ ẹnì kejì kúrò, kí ẹ ka èyí tó kù: "Kindly contact myself." Ẹ rí i pé ó ṣe kàtàkàtà? "Kindly contact me" ló dúró. Ẹ wá dá ẹnì kejì padà: "Kindly contact the chairman or me."

Àmọ́ "On behalf of my family and myself, I thank you all" tọ̀nà, torí "I" ni olùwà gbólóhùn náà. Àti pé "people like yourself", "everyone except myself" wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tó dára. Ẹ má fagi lé e fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé tiyín, "like you" àti "except me" kò lè kó yín sí wàhálà.

Ibi tí lẹ́tà ti nílò "self" gan-an ni àwọn èèyàn ti ń gbàgbé rẹ̀: "avail myself of this opportunity", kì í ṣe "avail of", "absent himself from school", kì í ṣe "absent from school" bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, "prides herself on", "familiarise yourself with", "dissociate ourselves from". Níbí, "self" ló ń ṣáájú, atọ́kùn tẹ̀lé e. Ẹ kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe, "self", atọ́kùn.

Ọmọ Sábò

Ẹ dákun, èwo ni ká mú bí ènìyàn méjì bá wà nínú gbólóhùn? "Mama told Bisi to cook for ___."

Tíṣà Èbúté

Níbí, Yorùbá tún gbà wá. "Màmá ní kí Bísí se oúnjẹ fún ara rẹ̀": Bísí ló máa jẹ ẹ́, "for herself". "Màmá ní kí Bísí se oúnjẹ fún òun": Màmá ló máa jẹ ẹ́, "for her". Olùwà tí "self" ń wò ni ẹni tó fẹ́ dáná, ìyẹn Bísí, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ yọjú nínú gbólóhùn. "Òun" di "her". "Ara rẹ̀" di "herself". Bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú "The teacher wants us to believe in ourselves": àwa la máa gbàgbọ́.

Ní ti àkọtọ́: "hisself" àti "theirselves" kò sí. "Himself, themselves". Ẹni púpọ̀ máa ń gba "-selves", nítorí náà "ourselves". Ẹ sì kọ "myself" pọ̀, kò sí àlàfo láàárín.

Ará Àgbádárìgì

Gbólóhùn díẹ̀ nìyí fún ọmọ ìyá wa láti fi dánra wò lálẹ́ òní. Kí ó kọ ìdí síwájú ìkọ̀ọ̀kan:

"The guide went upstairs and locked the door behind ___."
"The boatman was ashamed of ___ for coming late."
"The children divided the coconuts among ___."
"Ayo has the whole room to ___ now that his brother has left."
"At the Point of No Return, the visitors took photographs of ___."

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ (Agric, Ìkòròdú)

Ó ti ṣe é: him, himself, themselves, himself. Ìkarùn-ún ni ó kọ méjì sí, "themselves" àti "one another", ó ní òun kò mọ èyí tí òun máa mú.

Ará Àgbádárìgì

Kó má mú ìkankan kúrò, mà. Méjèèjì tọ̀nà, ohun tí wọ́n sì ń sọ yàtọ̀. "Of themselves": ọ̀kọ̀ọ̀kan na fóònù sí ojú ara rẹ̀. "Of one another": èyí ya tọ̀hún, tọ̀hún ya èyí. Bí olùdánwò bá fẹ́ ẹyọ kan, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan sínú gbólóhùn tó máa fi í hàn, bíi "with their phones held at arm's length" tàbí "taking turns". Kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀, kó sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.